Bí A Ṣe Ń Ra Bagel Ẹlẹ́ja Lórí Káńtà ní New York

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, káńtà tí wọ́n ti ń ta bagel ní New York kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dúró ronú. Ìlà á ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń tajà á ti mú ọ̀bẹ dání, ó sì ń retí pé kí oníbàárà sọ gbogbo ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tó yẹ kí ẹ tẹ̀ lé ni pé kí ẹ dárúkọ búrẹ́dì, kí ẹ dárúkọ wàràkàṣì, kí ẹ dárúkọ ẹja, kí ẹ tó wá kan àwọn ohun tí wọn yóò tò lé e lórí. Ẹ ti tò ó sẹ́nu kí ó tó kàn yín.

Búrẹ́dì roboto tó ní ihò láàárín ni bagel. Àwọn Júù tó ṣí wá láti Poland àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n gbé e wọ Amẹ́ríkà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ń wọ omi kí ó tó wọ ààrò. Wọ́n á po ìyẹ̀fun rẹ̀ kí ó le dáadáa, wọ́n á ṣe é bí òrùka, wọ́n á gbé e sínú òtútù mọ́jú kí ìwúkàrà lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan nínú omi híhó kí wọ́n tó yan án. Omi yẹn ló ń mú kí èèpo rẹ̀ dán kí ó sì le, tí inú rẹ̀ fi ń ki lẹ́nu. Ẹ wo èèpo rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì: bí ẹ bá rí àwọn ìléròrò kéékèèké tó ń dán lára rẹ̀, inú yín lè dùn. Èyí tó bá rọ̀ bí ìrọ̀rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ooru omi lásán ni wọ́n fi sí i, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tò sórí ìlà nítorí rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní everything, tó ní yánmọtí, èso poppy, aáyù, àlùbọ́sà àti iyọ̀ lára, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré béèrè. Lójú tèmi, bí ẹja oníyọ̀ bá máa wọ inú rẹ̀, èyí tí kò ní nǹkan kan lára tàbí eléyìí tó ní yánmọtí nìkan sàn jù. Bí búrẹ́dì náà bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi sí tósítà.

Schmear ni wọ́n ń pe wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n ń fi pa á. Inú èdè Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọ́n máa ń fi sí i nípọn gan-an, nítorí náà ẹ tètè sọ pé díẹ̀ ni ẹ fẹ́.

Ibi ẹja ni ó ti yẹ kí ẹ fara balẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, lox ni mo béèrè, ohun tí wọ́n sì fún mi gan-an nìyẹn: ikùn ẹja salmon tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí èéfín kankan kò kàn. Ife omi mẹ́ta ni mo mu kí n tó jẹ ẹ́ tán. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni Nova, ẹja salmon tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí wọ́n sì fi èéfín tútù sí, tó fi rọ̀ bí ẹran tútù, tí kò gbẹ bí ẹja yíyan. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa rí ọ̀bẹ gba inú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi àlùbọ́sà pupa, tòmátì àti capers, ìyẹn ìrudi òdòdó kéékèèké oníyọ̀, lé e. Bí ẹyin bá wù yín jù, wọ́n máa ń din ẹyin pọ̀ mọ́ lox àti àlùbọ́sà.

Òfin oúnjẹ àwọn Júù kò gbà kí ẹran àti wàrà pàdé, ṣùgbọ́n ẹja kì í ṣe ẹran nínú òfin náà; ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù ẹja àti wàràkàṣì, bíi Russ & Daughters tó ti wà láti 1914, fi yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ẹran. Síbẹ̀, káńtà tó ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ẹyin pọ̀ ní New York. Ẹni tó bá ń pa òfin oúnjẹ mọ́ gbọ́dọ̀ wo ìwé ẹ̀rí kosher, tó ń fi hàn pé oúnjẹ ibẹ̀ bá òfin náà mu, lára ògiri kí ó tó sanwó.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé díẹ̀ lọ sílé, ẹ rà á ní odindi, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án. Ní ìpínlẹ̀ New York, bagel odindi tí ẹ gbé lọ kò ní owó-orí ọjà. Bí wọ́n bá ti là á, owó-orí wọ̀ ọ́, ìyẹn sì jẹ́ ìdá 8.875 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìlú náà. Nígbà tí ẹ bá délé, kí ẹ fúnra yín là á sí méjì ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì gbé e sínú fírísà, nítorí pé tí ó bá di ọjọ́ kejì lórí tábìlì, á ti le bí òkúta. Ìgbà yẹn ni tósítà wúlò.