Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ Jẹ́lé-ó-sinmi Ìjọba Wò Kí Ẹ Tó Fi Ọmọ Yín Síbẹ̀

Ìyá kan tí mo mọ̀ sáré gba fọ́ọ̀mù jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba torí pé ọ̀dà ara ògiri ẹ̀ wù ú. Bàbá kan náà ní láéláé, òun ò ní fi ọmọ òun síbẹ̀, torí pé ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri. Àwọn méjèèjì ò wọ inú kíláàsì o! Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé, ọmọ mẹ́ta ni mo ti fi wá ilé-ìwé, ti àbúrò mi ò sí níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ parí ti ìwé, ìyẹn ò le. Ẹ béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa parí, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ọjọ́ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀. Àmọ́ ẹ bi wọ́n ní wákàtí mélòó ni ọ̀fẹ́ náà o. Ní England, wákàtí 15 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, ni ọ̀fẹ́ tó wà fún gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4, tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ dalẹ́, ta ló máa mú ọmọ láti ọ̀sán? Ẹ tún fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ Sunday tí gbogbo títì dá páro.

Ó wá ku kẹ́ ẹ lọ wo kíláàsì. Ibí gan-an ni àwọn òbí ti ń bà á jẹ́.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pe gbogbo òbí, ọjọ́ yẹn, kódà ilẹ̀ ń dán. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, bí aago mẹ́wàá, ẹ má mú ọmọ dání. Ẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé dáadáa, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ìṣẹ́jú 20?" Tí wọ́n bá ní kò rọrùn lónìí, ẹ gbà, ààbò àwọn ọmọ ni, ẹ ní kí wọ́n dá ọjọ́ fún yín. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n ṣì ń sún un síwájú, ẹ fagi lé orúkọ ilé-ìwé yẹn jàre.

Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ panu mọ́. Ẹ má yọ fóònù, ọmọ ọlọ́mọ kọ́ lẹ ó máa yà ní fọ́tò, àǹtí náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí òṣèré. Bébà tí wọ́n ká sí mẹ́rin àti báírò ti tó, òun ni mo máa ń lò.

Ẹ ka orí. Ọmọ mélòó, àgbà mélòó? NAEYC, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọmọdé, ní kí àgbà kan má mójútó ju ọmọ 10 tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, kí kíláàsì má sì ju 20. Tẹ́ ẹ bá ka ọmọ 38 pẹ̀lú àǹtí kan ṣoṣo, àǹtí yẹn ìbáà jẹ́ áńgẹ́lì, kò lè rí gbogbo wọn. Àwọn tó wà nínú yàrá ni kẹ́ ẹ kà o, àǹtí tó wà nínú rẹ́jísítà tó sì wà lórí ìsinmi ò lè nu ikun nímú ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́. Níbì kan tí mo jókòó sí, ọmọkùnrin kan da omi sórí ẹní, àǹtí ò pariwo, ó gbé àkísà kan fún un, òun náà mú kan, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ wọ́n ń nù ún, wọ́n ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kí omi yẹn tó gbẹ mo ti pinnu. Níbòmíì, ọmọbìnrin kan tọ̀ sára, ó ya ẹsẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún ìṣẹ́jú 11, mo wo aago mi, ìgbà tí wọ́n rí i náà, ariwo ni wọ́n pa mọ́ ọn lójú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí orin kíké tàn yín! Ohun tó mú èmi náà nìyẹn nígbà àkọ́bí mi. Àwọn ọmọ yẹn dìde kí mi, wọ́n ka A dé Z bí ayékòótọ́, orí mi wú, mo forúkọ ọmọ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tó oṣù kan, ọmọ tó ti ṣíwọ́ àtọ̀ọ́lé tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ jókòó ni mo rí i pé àfi kíkà yẹn, orí àga ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Friedrich Fröbel, olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi tiẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1837, bọ́ọ̀lù àti igi gígé wẹ́wẹ́ ló ń kó fún wọn ṣeré, nítorí náà tí wọ́n bá ní eré kì í ṣe ẹ̀kọ́, ẹ kàn rẹ́rìn-ín.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ wọ ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ, kì í ṣe ti àwọn tíṣà. Ẹ fọwọ́ kan ọṣẹ ibẹ̀: tó bá ti gbẹ tó ti sán, wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ibi iṣẹ́ ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè, ẹ lọ dúró lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ń ṣíwọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnikẹ́ni lè ní "àbúrò bàbá ẹ̀ ni mí" kí wọ́n sì fa ọmọ lé e lọ́wọ́ láìbi í léèrè, ẹ yáa máa lọ sílé.

Ìbéèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá ṣàìgbọràn, ta ló ń dúró fún àǹtí tí ara ẹ̀ ò bá yá, ṣé wọ́n ń tan tẹlifíṣọ̀n? WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí ọmọ ọdún 3 àti 4 má wo ju wákàtí kan lọ lóòjọ́.

Tí ilé-ìwé méjì bá wá dọ́gba lójú yín, èyí tó sún mọ́lé ni kẹ́ ẹ mú, ẹ sì tètè lọ fi fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀, torí àyè máa ń kún.