Ọpọlọ Ni Kí Ẹ Wò, Kì Í Ṣe Òógùn: Bí Ooru Bá Mú Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́

Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kì í mú ara tutù. Èyí tó bá gbẹ lórí awọ ló ń gbé ooru lọ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rin gbindin fi ń dá òṣìṣẹ́ wó, bí oòrùn ò tilẹ̀ ràn.

Ẹ mu ife omi kan (nǹkan bíi 250 mílílítà) ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Ẹ má jẹ́ kó ju nǹkan bíi lítà 1.4 lọ ní wákàtí kan. Àmujù omi a máa la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀.

Tí ẹ bá jókòó sinmi, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú àáyá 30 kọjá, kí ẹ wá ka bí iṣan ọrùn ọwọ́ ṣe ń lù fún 30 tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bó bá ju 110 lọ, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú iṣẹ́ tó kàn: ìṣẹ́jú 45 á di 30. Ìsinmi ò gbọdọ̀ dín.

Orí fífọ́, òòyì, èébì, pajápajá: ẹ lọ sí ibòji, ẹ tú aṣọ, ẹ mu omi.

Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ náà bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń rìn bí ọ̀mùtí, tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ibòji. Àwọn kan á ní kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, torí awọ rẹ̀ ò tíì gbẹ. Irọ́ ni! Òógùn lè ṣì máa ṣàn nígbà tí inú ara ti kọjá 40°C, tẹmómítà abíyá kò sì ní sọ òótọ́.

Ẹ pe áńbúláǹsì, àmọ́ ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un tutù. Ẹ rì í sínú omi tútù dé ọrùn, kí ẹnì kan gbá a mú lábẹ́ abíyá méjèèjì kí orí má baà rì. Ẹ máa ro omi náà, torí èyí tó fara kan awọ a tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí kò bá sí ọpọ́n ńlá, ẹ da omi sí i lára láìdáwọ́ dúró, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ fi aṣọ ìnura tí ẹ rẹ sínú omi yìnyín bo orí, àyà àti itan. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ léraléra. Bó bá ti gbóná, bùláńkẹ́ẹ̀tì ló dà yẹn.

Ẹ má rọ omi sẹ́nu ẹni tí iyè rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ò wúlò, kì í ṣe ibà.

Òṣìṣẹ́ tuntun tí ooru ò tíì mọ́ lára: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ máa fi 20 kún un lójoojúmọ́. Ògbólógbòó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé náà, ìdajì ni kó fi bẹ̀rẹ̀, 60 lọ́jọ́ kejì, 80 lọ́jọ́ kẹta.