Bí Mo Ṣe Fi Yanrìn Kọ́ Àwọn Sójà

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún mi láti ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀wọ́ sójà kan tó ń lọ ṣiṣẹ́ àlàáfíà nílẹ̀ òkèèrè. Eré ogun ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn. Mo kọ́kọ́ kó ohun gbogbo pọ̀ sínú rẹ̀: ibùba, afárá tó wó, ogunléndé, ìròyìn èké. Nígbà tí a dán an wò, àwọn ọ̀gá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń wòran. Mo da gbogbo rẹ̀ nù.

Mo wá bi ara mi pé kí ni olórí ikọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ lè dá ṣe kí àṣẹ kankan tó dé? Ẹyọ kan ni mo mú: kí ó fi rédíò ròyìn ẹni tó fara gbọgbẹ́, kí ó sì gbé e kúrò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní òṣùwọ̀n fún un: ìtọ́jú àkọ́kọ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú 10, ìtọ́jú pàjáwìrì tó jinlẹ̀ láàárín wákàtí 1, iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 2. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí aago mi yóò máa wọ̀n.

Mo kó yanrìn sínú férémù pákó, mo fi òwú búlúù ṣe odò, páálí ìṣáná ṣe ọkọ̀. Mo fi ẹni tó ń gba rédíò sí yàrá kejì, kó má baà rí yanrìn náà rárá. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un nìkan ni yóò mọ̀. Láti ọ̀dọ̀ Reisswitz, ọmọ ogun Prussia tó gbé eré ogun orí máàpù jáde ní 1824, ni mo ti yá lílo dáìsì láti pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú eré, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ṣègbè.

Nígbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 7 kọjá kí ìròyìn tó dé. A jókòó sọ ọ́ fún wákàtí kan gbáko, ó sì gùn ju eré náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo ní kí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò rọrùn fún ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé àgbà ló ń ṣáájú. Kọ́pọ́rà kan dìde níkẹyìn:

“Ẹ má bínú, sà. Mo rí i pé ó ti ṣubú. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè.”

Ọ̀gá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. “Má dúró dè mí mọ́.”

Nígbà kẹta, mo pa ọ̀gá náà sórí yanrìn ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí kọ́pọ́rà fi pè. Dáìsì ní ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Ó ti ń wá ọ̀nà mìíràn kí n tó gbẹ́nu kúrò.