Ẹ̀yin Alága Àdúgbò, Ẹ Jẹ́ Kí "Ẹ̀bi Mi Ni" Kọ́kọ́ Ti Ẹnu Yín Jáde
Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin alága wa. Òjò ti ń sún mọ́lé, ta ló sì gbọ́ "Ògùnpa" n'Ìbàdàn tí kò ní rántí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí odò náà kún àkúnya?

Lọ́dún tó kọjá, mo gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, mo gbéṣẹ́ gọ́tà fún ọmọkùnrin kan. Ó kó o lóòótọ́, àmọ́ etí gọ́tà náà ló da ẹrẹ̀ sí. Òjò ẹyọ kan péré, àtẹrẹ̀ àti ọ̀rá omi, gbogbo ẹ̀ ti padà sínú. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá aláta kan.

Ó ti dé ẹnu mi láti ní ọmọ yẹn ló fà á. Ṣùgbọ́n ta ló sanwó láìlọ wo iṣẹ́? Èmi ni. Mo lọ bá ìyá náà kó tó wá bá mi, mo sì kọ ọ́ sórí WhatsApp àdúgbò: "Ẹ̀bi mi ni. Mi ò yẹ iṣẹ́ wò kí n tó sanwó. Lọ́la, aago méje àárọ̀, a ó kó ẹrẹ̀ náà kúrò." Ariwo rọlẹ̀. Àwọn méjì tó ń bínú jù ló gbé ṣọ́bìrì wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ níwájú èrò. Kọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti bá a wí. Ẹ dá ọjọ́ àti aago àtúnṣe, kí ẹ̀yin sì kọ́kọ́ débẹ̀. Kí ìdajì owó ṣì wà lọ́wọ́ yín títí ọkọ̀ á fi kó ẹrẹ̀ lọ.