Àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tricking máa ń ṣe

Fídíò ló ń kó bá ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n á rí ẹni tó fò, tó yí lófuurufú, tó ta ìpá, tó sì balẹ̀ bí ológbò, ni wọ́n bá lọ dán an wò lórí simẹ́ńtì. Eré fífò, yíyí àti títa ìpá lófuurufú ni tricking; inú ìjà taekwondo, wushu àti capoeira, pẹ̀lú jimnásítíìkì, ni wọ́n ti ṣà á jọ. Ìṣubú tó wà nídìí ẹ̀ kì í sí nínú fídíò.

Òkìtì ẹ̀yìn ló léwu jù. Ẹni tó ń kọ́ ọ á ti ju orí sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Kò ní í lè ga mọ́ nìyẹn, ẹ̀yìn ló máa fò lọ, ó sì lè fi ọrùn gba ilẹ̀. Òkè ni kí ẹ fò sí. Ẹ ju apá sókè, kí ojú ṣì máa wo iwájú. Ìgbà tí ẹ bá ga tán ni kí ẹ fa orúnkún mọ́ àyà. Ẹ má sì yí ọkàn padà lágbedeméjì. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó na ara nígbà tí orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Bí kò bá sí olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ sí ènìyàn lẹ́yìn, ẹ má dán an wò rárá.

Ìpá 540, ìyẹn ìpá tí ẹ máa fò yí lófuurufú kí ẹ tó ta á, ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí ẹ fi fò náà lẹ máa fi ta ìpá, òun náà lẹ ó fi balẹ̀. Àwọn kan á balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kejì, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ tornado kick, ìpá yíyí tó rọrùn jù ú lọ, ni wọ́n ṣe. Kò burú o, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Orúnkún ni kí ẹ ṣọ́: bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ pinpin tí ara ṣì ń yí, iṣan orúnkún ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì yí tẹ̀lé ara.

Iyanrìn etí òkun dáa fún ṣíṣubú, àmọ́ ó máa ń gbé ẹsẹ̀ mì, ẹ ò sì ní í fò dáadáa. Fóòmù tó nípọn ní tiẹ̀ máa ń bo ìbalẹ̀ tí ò dáa mọ́lẹ̀.

Ẹ má fa itan tí kò tíì gbóná. Ẹ sì ṣọ́ra fún “ẹ̀ẹ̀kan péré sí i”, torí ìgbà tó bá ti rẹ ènìyàn ni ọrùn-ẹsẹ̀ máa ń rọ́. Bí itan bá ti ń gbọ̀n, ẹ gba ilé lọ.