Bí A Ṣe Ń Tún Ọmọlanke Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Ṣe Nílé, Kí Ó Lè Gba Ẹrù Wúwo

Ọmọlanke tí à ń sọ níbí kì í ṣe bárò onítáyà kan tí àwọn bíríkìlà fi ń kó yẹ̀pẹ̀. Èyí tó rí pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n de táyà kéékèèké mẹ́rin mọ́ lábẹ́, tí a fi ń ti àpò gàrí, kẹ́ẹ̀gì omi àti jẹnẹrétọ̀ káàkiri agboolé. Àwọn oníṣòwò oúnjẹ l'Ọ́jà Ìpàtà n'Ílọrin mọ ìwúlò rẹ̀, àwọn tó ń ṣe gàrí l'Ọ́fà, l'Ọ́mù-Àrán àti n'Ígbàjà náà mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá bàjẹ́, táyà ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ra táyà tuntun, wọ́n á kàn án síbi tí ti àtijọ́ wà, kò sì ní í pẹ́ tí yóò tún fi ṣẹ́. Lójú tiwa, táyà kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìdí rẹ̀, níbi tó ti di pákó mú, ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ihò bóòtù á ti fẹ̀, pákó á ti sán, irin pẹlẹbẹ orí táyà á ti tẹ̀. Ìdí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó

Ẹ kó ẹrù kúrò, kí ẹ dojú ọmọlanke dé. Ẹ fọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń yí geere, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ń ké tàbí tó ń há, ẹ fọ ìdọ̀tí àti okùn tó lọ́ mọ́ ọn kúrò, kí ẹ fi gíríìsì sí i. Bí kò bá gbọ́, béárìn rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ di táyà mú, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì, àmọ́ ìdí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí irin pẹlẹbẹ bá ń ṣí kúrò lára pákó, bóòtù ló tú tàbí ihò ló ti fẹ̀. Bí irin náà bá dúró gbọn-in, tó jẹ́ pé ọrùn táyà ló ń mì, orí tó ń yí kiri ló ti jẹ. Ìyẹn kò ṣeé tún ṣe nílé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún pákó yí ihò bóòtù ká. Bí ọ̀bẹ bá wọlé láìjanpata, pákó ti jẹrà, tàbí kí ikán ti wọ̀ ọ́. Pákó tí ikán ti jẹ nínú, ẹ má wulẹ̀ tún un ṣe. Ẹ yọ irin ara rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù dáná.

Táyà wo ló tó ẹrù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pín ẹrù sí mẹ́rin torí pé táyà jẹ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àgbàlá wa ló tẹ́jú? Lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, táyà mẹ́ta ló máa ń ru ẹrù, ìkẹrin á kàn máa fò lókè ni. Nítorí náà, ẹ pín in sí mẹ́ta. Àpò ìrẹsì mẹ́rin tó jẹ́ kílò 50 kọ̀ọ̀kan, kílò 200 nìyẹn. Ẹ fi bíi kílò 20 kún un fún ọmọlanke fúnra rẹ̀, ó di 220. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́ta, ó lé ní kílò 73. Táyà tí wọ́n kọ 50 sí lára kò lè ṣe é láéláé. Ẹ wá èyí tó gba kílò 100. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́jọ tí omi kún, iye kan náà ni.

Táyà oníńṣì 3 dára fún inú ilé tí wọ́n fi táìsì sí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tàbí ilẹ̀ olókùúta, ẹ ra íǹṣì 5 tàbí 6, torí òkúta wẹ́wẹ́ kan lè dá táyà kékeré dúró lójijì, kí gbogbo ẹrù dà síwájú. Ẹ fi méjì tí ọrùn rẹ̀ kì í yí kiri sí iwájú, kí méjì tí ọrùn rẹ̀ ń yí kiri wà níbi tí ẹ ti ń tì í. Bí ọrùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń yí kiri, ó rọrùn láti fi yà ní kọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní í gbọ́ràn lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bí a ṣe ń fún ìdí rẹ̀ lágbára

Nọ́ọ̀tì tó bá ti dípẹtà, ẹ da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi iná yọ́ ọ o, pàápàá níbi tí ẹ ti da kẹrosíìnì sí. Bí ó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ fi ayùn irin gé e.

Ẹ lọ sí sọ́mílì, kí ẹ ra igi 2×3 tó le. Apá dára púpọ̀. Àràbà kò tọ́ sí iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ gé méjì, ọ̀kan fún táyà iwájú, ọ̀kan fún tẹ̀yìn, kí wọ́n dábùú lábẹ́ pákó láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Báyìí ni ẹrù yóò fi wà lórí gbogbo pákó, tí kì í ṣe ẹyọ kan péré. Bí irin orí táyà bá fẹ̀ ju igi náà lọ, ẹ lo 2×4 tàbí 2×6, kí ẹ dà á délẹ̀.

Ẹ má lo ìṣó. Ìgbọ̀nrìrì ojú ọ̀nà ló ń fa ìṣó yọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní í mọ̀ títí táyà yóò fi bọ́. Bóòtù tó gba inú pákó já sókè ni kí ẹ lò, oní-mìlímítà 8 tí sípánà 13 ń tú. Ẹ fi wáṣà fífẹ̀ sí òkè, kí bóòtù má bàa rì wọnú igi. Nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú ló dára jù, kì í tètè tú. Ẹ má lu ihò sínú èyí tó ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ sún irin táyà kúrò níbẹ̀, kí ihò tuntun sì jìnnà sí ìpẹ̀kun pákó tó íǹṣì 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pákó á là.

Kí ẹ tó fún un pinpin, ẹ na okùn láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ẹ ta kókó síbẹ̀. Ẹ tún na okùn náà sí igun méjì yòókù. Bí kókó kò bá bọ́ sí ojú igun gẹ́lẹ́, ọmọlanke ti wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa yà sí.

Bí tiyín bá jẹ́ onírin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin. Ẹ sọ fún un kó fi áńgù áyọ́ọ̀nù dábùú lábẹ́ bákan náà. Ẹ tú táyà sílẹ̀ kí ó tó jó o: iná náà ń yọ́ rọ́bà, ó sì ń sun gíríìsì inú béárìn. Ẹ ha ìpẹtà kúrò, kí ẹ fi ọ̀dà kùn ún.

Lílò àti ìtọ́jú

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìlàjì ẹrù sí i, ẹ tì í yí àgbàlá ká, kí ẹ tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ tún un fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ó sì ń sún kì, nọ́ọ̀tì tó le koko lásìkò òjò á wá máa mì. Nínú oṣù Kejìlá, ẹ má gbàgbé sípánà.

Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pa pákó nítorí ikán. Ẹ má fi pa ojú òkè níbi tí àpò gàrí tàbí ìrẹsì yóò jókòó sí, torí yóò rìn wọnú àpò. Ọ̀dà ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Ẹrù tó wúwo jù ni kó wà nísàlẹ̀, láàárín. Níbi ìsọ̀kalẹ̀, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi okùn dá a dúró. Ẹ má ṣe wà níwájú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún ṣeré.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Rọ́bà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ á tẹ́ ní ojú kan, yóò sì máa ta gìjà-gìjà. Ẹ gbé ọmọlanke dúró lórí òkúta méjì, kó fara ti ògiri, kí pákó rẹ̀ má kan ilẹ̀.