Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ọ́ìlì àti Páàdì Bíréèkì Celica Mi

Ọjọ́ tí mo ń ti ibi ìgbéyàwó kan bọ̀ ní Adó-Èkìtì ni bíréèkì ọkọ̀ mi dẹ́rù bà mí. Toyota Celica ni, tòkunbọ̀ ọdún 2001, onílẹ̀kùn méjì, jíà ọlọ́wọ́. A ti kọjá Ẹ̀fọ̀n Aláayè, a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtàwúrè. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ibẹ̀ àti bí kọ́nà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Tírélà kan ń wọ́ lọ níwájú wa, èmi náà ń tẹ bíréèkì tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ ẹ́ títí òórùn nǹkan tó ń jó fi gba inú ọkọ̀. Ìgbà tí mo tún máa tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó gbé mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Mo já jíà sí ìkẹta, mo já a sí ìkejì, mo rọra fa bíréèkì ọwọ́, Ọlọ́run sì ṣe é, a rí ẹ̀gbẹ́ títì tó fẹ̀, a yà síbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò lè sọ̀rọ̀. A wà níbẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo tún tẹ bíréèkì, ó ti le padà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Bíréèkì tó bá rọ̀ nígbà tó gbóná, tó sì tún le nígbà tó tutù, ọ́ìlì inú rẹ̀ ló hó. Tó bá jẹ́ páàdì, ìyẹn nǹkan tó ń fún dísìkì (irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí) mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró, ló kọṣẹ́, abẹ́ ẹsẹ̀ yín máa le dáadáa, ọkọ̀ ni kò ní dúró. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ ní páàdì ni kí n lọ rà. Àgbàlagbà ni, mi ò bá a jiyàn, àmọ́ ọkàn mi ò gbà. Mo délé, mo ṣí ike ọ́ìlì bíréèkì: ó dúdú bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Tuntun rẹ̀ kì í ṣókùnkùn, àwọ̀ oyin fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń ní.

Orúkọ lásán ni ọ́ìlì tí à ń pè é. Èròjà tí wọ́n ń pè ní glycol ni wọ́n fi ṣe é, ó sì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá nílùú tí òjò ti ń rọ̀ bíi tiwa. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì tó wà nínú ọkọ̀ mi, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé ìwọ̀n ooru 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tó bá jẹ́ tuntun. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé 3.7 nínú 100, 140 péré ló kù. DOT 4 máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 230, tí omi bá wọ òun náà, ó ṣì máa dé 155. Ọ́ìlì kì í ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n oru tó ń jáde lára rẹ̀ tó bá hó ṣeé fún pọ̀. Oru ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ lórí òkè yẹn.

Mo lọ ra ọ́ìlì tuntun ní Gate n'Ìbàdàn. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá gbé ìgò kan fún mi tí bébà ẹnu rẹ̀ ti ya.

“Ọ̀gá, ojúlówó ni. Ẹ máa lò ó, ẹ óò padà wá dúpẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, èyí tí wọn ò tíì ṣí ni mo fẹ́.”

Ìgò tí wọ́n bá ti ṣí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ẹlòmíì ni mo ti ra DOT 4 lítà kan, nínú ìgò kéékèèké méjì, kí n má baà ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sún mọ́ DOT 5 o: silikónì ni, kò bá ti inú ọkọ̀ mi lọ rárá. Nígbà tí mo délé, mo kán díẹ̀ sínú ife omi. Ó pò mọ́ omi wọ́ọ́rọ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Tó bá léfòó bí epo pupa lójú ọbẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí hydraulic ni wọ́n rọ síbẹ̀, irú rẹ̀ sì máa ń mú kí gbogbo rọ́bà inú bíréèkì wú títí á fi bàjẹ́.

Ní ti páàdì, etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ máa rí lẹ́tà méjì: èkíní sọ bó ṣe ń di dísìkì mú nígbà tó tutù, èkejì sọ ti ìgbà tó bá gbóná. Ìwọ̀n ìdìmú lẹ́tà E wà láàárín 0.25 sí 0.35, F láàárín 0.35 sí 0.45, G wà lókè ìyẹn dé 0.55. EE ni mo bá lára èyí tó ti gbó, FF ni mo rà. Wọ́n fi páàdì eré ìje hàn mí, mi ò gbà á. Ó ní láti gbóná kó tó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà tó máa já wọ iwájú mi ní Ìwó Road láàárọ̀ Mọ́ńdè ò ní dúró kó gbóná. Dúróòmù, kì í ṣe dísìkì, ló wà lẹ́yìn Celica mi, brake shoe rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ páàdì níbẹ̀, ṣì nípọn, mo kàn fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀.

Sátidé ni mo ṣe é, lórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú. Mo dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo sì gbé e lé ẹsẹ̀ irin, torí jáàkì nìkan kò ṣeé fẹ̀mí tì. Mo fi síríńjì tí mo rà ní kẹ́mísìtì fa ọ́ìlì dúdú yẹn kúrò nínú ike, mo rọ tuntun sí i. Táyà ọ̀tún ò gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú: mo tú kálípà (ilé irin tó di páàdì mú), mo fi wáyà so ó kọ́ kó má baà fi họ́ọ̀sì rọ̀, mo tú bleeder (nọ́ọ̀tì kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde) kí n tó ti písítìnì tó ń ti páàdì padà kí ìdọ̀tí má baà gòkè, mo ki páàdì bọ̀ ọ́.

Ọwọ́ òsì ló fìyà jẹ mí. Páàdì inú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ dé irin, ti ìta ò sì tíì jẹ dé ìdajì. Ọ̀pá kékeré tí kálípà ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀, ti dógùn-ún mọ́ ihò rẹ̀. Kálípà ò lè sún, páàdì kan ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, òun náà ló sì ń kó ooru jọ sára ọ́ìlì. Ó lé ní wákàtí kan kí n tó yọ ọ̀pá yẹn: mo fi òòlù gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ń yí i síwá sẹ́yìn, títí ó fi jáde. Mo fi sáńpépà ha á títí ó fi dán, mo sì fi gíríìsì silikónì pa á. Gíríìsì tí wọ́n ń fi sí bẹ́árì kò dáa níbẹ̀, ó máa ń ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́.

Àbúrò mi tó rí gbogbo rẹ̀ lórí òkè ló wá bá mi tẹ bíréèkì kí ọ́ìlì àtijọ́ àti afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, tó jìnnà jù sí master cylinder (ibi tí bíréèkì tí a tẹ̀ ti ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà), la ti bẹ̀rẹ̀, a wá sí ẹ̀yìn lósì, iwájú lọ́tùn-ún, iwájú lósì.

“Tẹ̀ ẹ́!”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, bọ̀ọ̀dá mi.”

“Má gbẹ́sẹ̀ o.” Màá tú bleeder, ọ́ìlì á tú jáde pẹ̀lú hóhò, màá dì í. “Ó yá, gbẹ́sẹ̀.”

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, mo máa ń wo ike, torí tó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, a ó sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó dà sára ọ̀dà ọkọ̀, kíá ni mo da omi sí i. Ó máa ń bó ọ̀dà. Ká tó gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, mo tẹ bíréèkì títí ó fi le, nítorí páàdì tuntun kì í kan dísìkì nígbà àkọ́kọ́.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí títì dá, mo sáré dé 60, mo tẹ bíréèkì wá sí 15 láì dúró pátápátá, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà mo wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ kó tutù. Tẹ́ ẹ bá dúró tẹ bíréèkì pa nígbà tí páàdì gbóná báyẹn, ó máa fi àbàwọ́n sílẹ̀ lójú dísìkì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, a tún ti Adó bọ̀. Látorí òkè ni mo ti já jíà sí ìkẹta, kí ẹ́ńjìnnì bá mi di ọkọ̀ mú. Nígbà tí a ku díẹ̀ ká dé Ìtàwúrè, àbúrò mi ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.” Mo tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ mi dúró sí lókè náà ló dúró sí nísàlẹ̀. Họ́ọ̀sì rọ́bà ló kù, wọ́n ti lé ní ogún ọdún. Mo ti ra méjì iwájú, wọ́n wà nínú búùtù.